Èmi Ni Mo Yí Àwọn Igi Náà, Ẹlòmíì Ni Wọ́n Fún Ní Kúérì

Èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn kí n tó máa ṣàlàyé, torí mo mọ ara mi. Tí mo bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ mí, màá kà á títí ẹ̀ṣẹ̀ tèmi á fi sọnù sáàárín rẹ̀. Admin, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bò mí láṣìírí, àwọn ará ìjọ wa wà lórí page yìí, àbúrò mi náà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sì dá mi mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má tag ẹnikẹ́ni.

Ọmọ Èkìtì ni mí, Benin ni mò ń gbé, ní Ogida, mo sì ń ṣe másításì nínú físíìsì ní yunifásítì kan níbí. Ọdún kẹta mi rèé lórí másításì tó yẹ kó gba ọdún méjì... ẹ má tíì bi mí ìdí, ẹ máa rí i níwájú. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni bí èèyàn ṣe lè darí ohùn, kí ohùn máa gba ibi téèyàn bá fẹ́ kó gbà. Ẹ fara balẹ̀ ka apá yìí, torí bí ẹ ò bá mọ ohun tí mo ṣe, ẹ ò ní mọ ohun tí mo bàjẹ́.

Ẹ fojú inú wo pátákó kan tó fẹ̀ tó tábìlì kékeré. Lórí pátákó yẹn, igi tín-ín-rín onígun mẹ́ta, igba ó lé mẹ́rìndínlógún, ló dúró ní ìlà-ìlà. Kò sí èyí tó ga ju ìka ọwọ́ lọ, àlàfo àárín wọn sì dọ́gba, ìkọ̀ọ̀kan sì ṣeé yí níbi tó dúró sí. Pátákó míì la fi bò ó lórí. Títò tí a tò wọ́n déédéé bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ ká máa pè é ní kírísítà, àmọ́ kì í ṣe èyí tó ti inú ilẹ̀ wá, àtọwọ́dá ni. Tí ẹ bá wá fi ohùn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ohùn tín-ín-rín bíi ti fèrè rẹfirí, ohùn yẹn ò kàn ní gba àárín igi kọjá bí atẹ́gùn. Nínú ìṣirò wa, tí a bá ya bí ohùn ṣe ń rìn nínú rẹ̀ sórí ìwé, ìlà náà á gun òkè, á sọ̀ kalẹ̀, ibi méjì kan wà tó ti máa ń ṣe kòtò, àwọn la ń pè ní àfonífojì. Ohùn tó bá wà nínú àfonífojì kìíní máa ń pòyì sí ọ̀tún bí omi inú agbada, ohùn tó bá wà nínú èkejì a pòyì sí òsì. Bí ẹ bá yí gbogbo igi tó wà lápá òsì pátákó díẹ̀ síhìn-ín, tí ẹ sì yí gbogbo èyí tó wà lápá ọ̀tún díẹ̀ sọ́hùn-ún, ohùn yẹn ò ní lè wọ inú apá méjèèjì mọ́. Àmọ́ níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé, lẹ́nu ààlà gan-an, ọ̀nà kan á ṣí. Ibẹ̀ ni ohùn á máa gbà. Tí ààlà bá ṣẹ́ kọ́nà, ohùn á ṣẹ́ kọ́nà tẹ̀lé e, kò ní fọ́n ká, kò ní padà sẹ́yìn. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i tó jáde ní òdìkejì, lẹ́yìn kọ́nà méjì, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lábù ni mo jókòó sí tí mo sunkún.

Súpáfáísọ̀ mi, ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Prof lásán. Yorùbá ni, ìlú kan náà la ti wá, òun ni alága àwọn àgbà ní ìjọ wa níbi tí a ti ń fi Yorùbá ṣe ìsìn. Bàbá mi ló mú mi lọ fà lé e lọ́wọ́. Torí náà láti ọjọ́ kìíní, mi ò pè é ní sir rí, Dádì ni mò ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i ní ọ́fíìsì, lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n á kàn ní good morning sir, tí wọ́n á sì fa àga jókòó. Ẹni tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ látọdún mẹ́ta, báwo ló ṣe fẹ́ dìde bá èèyàn jà? Ẹ bá mi dá a lóhùn.

Mo ní déètì gbogbo ohun tó ṣe fún mi nínú fóònù mi. Ó gbé orí kẹrin ìwé mi sọ́dọ̀ fún oṣù márùn-ún, nígbà tó máa dá a padà, kọmá méjì ló yọ kúrò. Oṣù márùn-ún, kọmá méjì. Gbogbo Sátidé, láti aago mẹ́wàá títí di aago kan, mo ń lọ sílé rẹ̀ lọ kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ní Yorùbá, torí wọ́n ń gbọ́ ọ, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Pidgin ni wọ́n fi ń dáhùn. Mo ní kí èyí àbúrò kí mi pé ẹ kú àárọ̀, ó wo aago, ó ní, "Aunty, but na afternoon we dey." Mi ò lè bínú sí ọmọ yẹn, òun nìkan ló ń sọ òótọ́ nínú ilé náà. Ní ìjọ, tí Prof bá fẹ́ fi mí han èèyàn, á ní ọmọ wa tó ń bá wa to igi ní lábù nìyí. To igi. Bí ẹni pé oníṣòwò igi ìdáná ni mí.

Ní oṣù Kẹta, ó lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ mi ló gbé dání lọ, kò sì sọ fún mi. Ẹnì kan tó wà níbẹ̀ ló fi àwòrán tó ń fi hàn wọ́n ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ẹni yẹn rò pé inú mi á dùn. Orúkọ Prof ló wà lókè. Orúkọ lẹ́kíṣọ́rà kan ló tẹ̀lé e, lẹ́kíṣọ́rà tí kò fi ẹsẹ̀ tẹ lábù wa rí, tó jẹ́ pé ó bi mí lọ́jọ́ kan bóyá inú fìríìjì la ń tọ́jú kírísítà náà sí. Orúkọ mi ò sí níbẹ̀. Àmọ́ fọ́tò ńlá kan wà láàárín, níbi tí ọwọ́ kan ti ń gbé igi kan sípò, àpá gọ́ọ̀mù gbígbóná wà lórí àtàǹpàkò ọwọ́ náà. Ọwọ́ mi ni. Wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n fi orúkọ mi sílẹ̀.

Mo sọ fún bàbá mi, wọ́n ní ẹnu àgbà lobì í gbó sí. Mo sọ fún màmá mi, wọ́n ní ṣé mo ti lọ kí Prof kú àbọ̀. Mo wá lọ bá Prof fúnra rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní látìgbà wo ni ọmọ ti ń bá bàbá rẹ̀ pín orúkọ. Ó ní kí n dìde kí n lọ bá òun ra káàdì. Mo lọ rà á. Èyí tó wá ń dùn mí jù ni pé ọkùnrin yìí ò mọ ohun tó ń gbé káàkiri. Ó rò pé ohùn kàn ń gba àlàfo àárín igi kọjá bí atẹ́gùn ṣe ń gba lúfà fèrèsé wọlé ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣàlàyé fún un, nígbà kẹta, fóònù ló ń tẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo tó bá mi ṣiṣẹ́ yẹn ni òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó lábù wa. Màá pè é ní Ọ̀gá Osagie, kì í ṣe orúkọ rẹ̀. Ọmọ Benin gan-an ni. Ẹ̀rọ tó yẹ kó gé igi fún wa ti bàjẹ́ kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, òun ló mú mi lọ bá àwọn onípákó ní Uselu, òun ló fi ayùn ọwọ́ gé gbogbo igi yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi sáńpépà yún un, tó sì fi bírò pupa fa ìlà kékeré sórí ìkọ̀ọ̀kan kí n lè mọ ibi tó kọjú sí. My daughter ló ń pè mí. Ó ku ọdún kan àti oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ní àlejò mẹ́rin ń bọ̀ láti Àbújá wá wo iṣẹ́ náà, àwọn ló máa sọ bóyá lábù wa á di ibùdó ìwádìí ńlá. Prof ránṣẹ́ pè mí. Inú mi dùn débi pé mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ lójú ọ̀nà. Mo débẹ̀, ó ní kí n bójú tó ìpápánu. Meat pie àti omi tútù. Ó ní kí n wọ aṣọ tó bójú mu, kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí òun bá ti ṣàlàyé tán kí n wá pín in.

Ẹ gbọ́, mi ò pariwo. Mo ní yes sir, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa pè é ní sir nìyẹn, kò tilẹ̀ kíyè sí i. Lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdeè, nígbà tó ku ọ̀la, Ọ̀gá Osagie fi mí sílẹ̀ nínú lábù, ó ní òun ń lọ ra bátìrì sí máíkì tó ń gba ohùn ní òdìkejì pátákó. Ó fi mí sílẹ̀ torí ó fọkàn tán mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Mo ṣí pátákó òkè. Mo yí gbogbo igi apá ọ̀tún, ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́jọ, mo jẹ́ kí wọ́n kọjú síbi kan náà pẹ̀lú àwọn tó wà lápá òsì. Ó gbà mí ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo dá pátákó òkè padà bò ó. Mi ò fọ́ nǹkan kan, mi ò mú nǹkan kan. Ààlà ni mo pa rẹ́. Bí ààlà ò bá sí, ọ̀nà ò sí, ohùn á kàn kọlu igi á padà síbi tó ti wá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á máa wò ó títí, gbogbo igi ṣáà wà nídùúró, wọ́n tò, wọ́n mọ́.

Kí ni mo ń rò? Mo rò pé bó bá ti kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́, kò ní sí ọgbọ́n míì tó máa dá ju kó pè mí lọ. Mo ti rí i nínú ọkàn mi, èmi tí mò ń gbé tíréè kalẹ̀, tí mò ń rìn kọjá láàárín àwọn àlejò, tí mò ń yí igi lójú wọn, tí ohùn sì jáde. Wọn ò ní nílò kí ẹnikẹ́ni sọ ẹni tó ṣe é fún wọn. Ó mọ síbẹ̀. Mo fẹ́ kó pè mí ni.

Ọjọ́ Fúráídè dé. Prof sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, ó tan ẹ̀rọ, ohùn dún lápá ibí, ìlà ohùn lójú kọ̀ǹpútà lápá ọ̀hún tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí nǹkan kan. Ó tún un tẹ̀. Ó gbọn wáyà. Ó ní kí wọ́n ṣí pátákó òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó ń fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sáàárín igi bí ẹni tó ń fẹ́ná, torí ó rò pé eruku ló dí àlàfo. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò ń wo aago. Èmi wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tíréè. Ó gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Mo fi Ọlọ́run búra, ó rí mi, ó mọ̀ pé èmi ni mo lè tún un ṣe... ó sì gbójú kúrò. Ó yíjú sí Ọ̀gá Osagie, ó bi í ta ló nu nǹkan yìí láàárọ̀. Ọkùnrin yẹn ní òun ni, pé ìdérí nìkan lòun nù. Prof wá sọ fún àwọn àlejò pé ẹ máa bínú, àwọn òṣìṣẹ́ kékeré ti fi àkísà ba iṣẹ́ ọdún mẹ́ta jẹ́.

Mo gbàgbé irú ilé tí wọ́n ti tọ́ èmi àti Prof. Àgbà tí kò lè bá ọmọ pín orúkọ ní kọ̀rọ̀, ṣé iwájú àlejò ló ti fẹ́ wá pe ọmọ pé kó wá gba òun sílẹ̀? Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí iṣẹ́ náà kú. Ọmọ Yorùbá ni mí, ó yẹ kí n mọ̀. Èmi náà sì ńkọ́? Ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ọ̀gá Osagie dúró níbẹ̀, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ iléèwé. Mo pín meat pie.

Lọ́jọ́ náà ni Prof ti lábù pa, ó fi àgádágodo tuntun sí i, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn igi yẹn ṣì wà bí mo ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, wọ́n fún Ọ̀gá Osagie ní kúérì pé ó fi àìbìkítà ba ohun èlò ìwádìí jẹ́. Ìgbìmọ̀ kan máa jókòó lé e lórí lọ́jọ́ Túsìdeè tó ń bọ̀ yìí. Wọ́n lè lé e dànù lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé rẹ̀ lẹ́yìn Uselu. Mo ti pinnu pé màá sọ fún un. Ìyàwó rẹ̀ bu omi fún mi, ó ní ọkọ òun ò sùn dáadáa mọ́. Mo mu omi náà tán, mo ní kí wọ́n tún bu òmíì wá. Ọ̀gá Osagie wò mí títí, ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "My daughter, rag fit shift one wood. E fit shift two. Rag no fit turn one hundred and eight make all of dem face one side." Ó ti yẹ ìlà bírò pupa wò kí Prof tó ti ilẹ̀kùn. Ó ti kà wọ́n. Ó ní òun ti fi orúkọ mi sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ pé kí n wá sọ ohun tí mo mọ̀. Kò bi mí ní ìbéèrè kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa bọ́ọ̀lù. Ṣé ó mọ̀ pé èmi ni? Tó bá mọ̀, kí ló dé tí kò kàn fẹjọ́ mi sùn? Àbí ó ń fún mi láàyè kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́? Mi ò mọ̀, mi ò mọ̀, orí mi ń gbóná.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣe tíṣà ní Ekiadolor ní kí n kàn sọ pé òjò ló jẹ́ kí igi wú, pé igi tó bá wú á yẹ̀ kúrò nípò, kò sẹ́ni tó máa lọ sẹ́wọ̀n. Ó dára. Ó máa gba Ọ̀gá Osagie sílẹ̀, ó máa gba èmi náà sílẹ̀. Àmọ́ ṣé ẹ rí ohun tó wà nínú rẹ̀? Bí mo bá fọwọ́ sí i pé ẹ̀rọ mi máa ń yẹ̀ fúnra rẹ̀ bí òjò bá rọ̀, mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé èsì ìwádìí mi ò ṣeé gbára lé. Oṣù tó ń bọ̀ ni defence mi. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi mí nìyẹn. Tí mo bá sì sọ òótọ́, wọ́n á lé mi, bàbá mi ò ní lè wọ ìjọ yẹn mọ́, Prof á sì máa sọ ọ́ káàkiri pé òun mọ̀ pé ọmọ burúkú ni. Òun tó jí odindi iṣẹ́ gbé ò ní jẹ́jọ́ kankan. Èmi tí mo yí igi ni màá jẹ́jọ́. Ṣé ó dọ́gba? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n lọ bẹ Prof. Mo ti bẹ̀ ẹ́ fún ọdún mẹ́ta, eékún mi ti bó.

Lánàá ni lẹ́tà ìgbìmọ̀ dé ọwọ́ mi. Mo kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà, kí n kọ ohun tí mo mọ̀ pé ó bà á jẹ́, kí n sì mú un wá lọ́jọ́ Túsìdeè. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ náà. Mo béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé wọn ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn, ó ní Prof ni. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, tirẹ̀ ni. Ní báyìí tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, ó ti di tèmi. Láti ọdún mẹ́ta, ìwé àkọ́kọ́ tí yunifásítì yìí máa tẹ̀ tó máa sọ pé èmi ni mo ṣe é rèé.

Ìlà mẹ́rin ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn. Mo ti kọ orúkọ mi sókè. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà jù mí lọ, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú nǹkan báyìí rí, ẹ má bú mi, ẹ kàn sọ fún mi... kí ni kí n kọ sábẹ́ rẹ̀?